Ọwọ́ tó ń lọ ata

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ata ni mò ń lọ̀ n'Íbàdàn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Bí mo bá ń ka Bíbélì, mo ṣì máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni.

Nígbà tí Pásítọ̀ wa ní kí n máa darí àdúrà àwọn obìnrin lọ́jọ́rú, mo rò pé wọ́n ṣì mí pè ni. Tíṣà wà láàrin wa, nọ́ọ̀sì wà, ìyàwó lọ́yà wà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá ẹlòmíràn." Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde kí wọ́n má baà rí mi.

Oníbàárà mi kan, ìyá arúgbó, ló mú ọ̀rọ̀ Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá wá. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) mọ̀ wọ́n: ọmọ Odò-Ọwá, tí wọ́n bí ní 1904, tí wọ́n ń wa rólà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà, fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà. Lóṣù kẹwàá 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, rólà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ohùn ti ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n lọ wàásù. Nígbà tó fi máa di 1930, èrò ti ń rọ́ lọ bá wọn ní Iléṣà láti ìlú dé ìlú. Ìyá tó bí màmá yìí wà lára àwọn tó gbé omi lọ síbẹ̀ kí Wòlíì gbàdúrà sí i.

Màmá wá wò mí lójú. "Ọmọ mi, awakọ̀ rólà ni o! Epo ẹ́ńjìnnì ló wà lọ́wọ́ wọn."

Mo wo ọwọ́ tèmi. Ata rodo ti bó o.

Ẹni tó bá lọ ata rí mọ̀ pé ọṣẹ nìkan ò lè mú títa rẹ̀ kúrò. Epo pupa ni mo fi para lọ́jọ́rú àkọ́kọ́ kí n tó lọ. Bí a ṣe ń gbàdúrà lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì àgbà kan, tó jẹ́ èmi ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo fà sẹ́yìn. Mo ní, "Mà, ata wà lọ́wọ́ mi." Wọ́n mú ọwọ́ ọ̀hún, wọ́n fúnra wọn gbé e lé orí ara wọn. Gbogbo àdúrà tí mo kọ́ sórí fò lọ. "Jésù" nìkan ni mo ń pè, tẹkún-tẹkún.

Ọdún kẹfà rèé. Lọ́jọ́rú, tó bá ti di aago mẹ́jọ àárọ̀, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn oníbàárà mi ti mọ̀.