Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ overclock laptop àtijọ́ tí graphics rẹ̀ kò dá dúró

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Dell Latitude E6430 ni mò ń lò níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́: Core i5-3320M, RAM 4 GB, Intel HD Graphics 4000. Graphics yìí kò dá dúró, inú processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) náà ló wà. AutoCAD ni mo fi ń ṣiṣẹ́ iléèwé, mo sì máa ń gbá PES 2017 bí iṣẹ́ bá parí. Láìpẹ́ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ gan-an. Bí mo bá fa àwòrán ilé sọ́tùn-ún, màá ti gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse kí ó tó tẹ̀ lé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n overclock rẹ̀, kí ó lè sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Mo gba Intel XTU, app tí wọ́n fi ń overclock, sórí rẹ̀, àmọ́ ibi tó yẹ kí n ti sún nọ́ńbà sókè kò gbà rárá. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, owó òmíràn ò sí lọ́wọ́ mi.

Oníkọ̀ǹpútà Takie
Àbúrò, kò lè gbà, Intel ti tì í pa. Nínú àwọn Core ti laptop ọdún 2012 yẹn, àwọn tí XM wà lẹ́yìn orúkọ wọn ni wọ́n ṣí sílẹ̀ pátápátá. M lásán ni tìrẹ. 2.6 GHz ni ìyára rẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì le, ó ń fúnra rẹ̀ gòkè dé 3.3. Graphics rẹ̀ náà ń fúnra rẹ̀ kúrò ní 650 MHz bọ́ sí 1.2 GHz. Ṣé ó tiẹ̀ ń dé ibi tó yẹ kó dé? Ìyẹn ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Jẹ́ kí AutoCAD máa ṣiṣẹ́, ṣí Task Manager, tẹ Performance, kí o sọ iye tó wà ní Speed fún wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
1.19 GHz ni sà. Kò kúrò níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́
Eruku ńkọ́? Láyé ọyẹ́, kò sí ibi tí kì í wọ̀. Nígbà tí wọ́n tú tèmi, eyí tó dì sáàárín fáànù àti irin bàbà yẹn nípọn bí òwú. Fáànù ń yí, atẹ́gùn ò jáde.

Oníkọ̀ǹpútà Takie
Ẹ ṣé mà. Ó ṣeé ṣe kí eruku wà níbẹ̀, àmọ́ ti ooru kì í rí báyìí. Processor yìí kì í dín ara rẹ̀ kù nítorí ooru àfi tó bá ń lọ sí 105°C, tó bá sì tutù díẹ̀, á tún sáré. Èyí tó dúró gbári sí 1.19, ṣájà ni mo fura sí. Àbúrò, tí o bá tàn án, ṣé ó ń kọ nǹkan kan nípa adapter? Ṣé bátìrì ń gba iná?

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
Bẹ́ẹ̀ ni sà! Ó máa ń kọ ọ́ pé òun ò mọ irú adapter tí mo fi sí i, màá tẹ F1, á sì kọjá. Bátìrì ò gba iná, mo gbà pé ó ti kú ni. Ọjà ni mo ti ra ṣájà yìí nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́.

Oníkọ̀ǹpútà Takie
Ibẹ̀ gan-an ló wà. Wo inú ẹnu ṣájà yẹn, wàá rí pin tín-ín-rín kan láàárín. Pin yẹn kọ́ ló ń gbé iná. Òun ló ń jẹ́ kí laptop mọ iye wáàtì tí ṣájà lè gbé. Bí laptop ò bá gbọ́ nǹkan kan látibẹ̀, kò ní fi iná sí bátìrì, á sì fa processor sísàlẹ̀ kí ó má bàa gba iná ju agbára ṣájà lọ. Wá ojúlówó ti Dell, tòkunbọ̀ náà dáa, èyí tí wọ́n kọ 19.5V àti 4.62A sí lára. 90 wáàtì nìyẹn. Àmọ́ yá ti ẹlòmíràn wò ná kí o tó náwó, torí ihò tó wà lára laptop náà lè ti bàjẹ́.

Ọmọ Sábó
Kò tó èyí tí à ń pariwo lé lórí. Kí ó gba ThrottleStop, app kan ni, kí ó yọ àmì kúrò níwájú BD PROCHOT tó ń fa processor sísàlẹ̀, á sáré lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń lo tèmi nìyẹn.

Oníkọ̀ǹpútà Takie
Á sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ọmọ iléèwé nímọ̀ràn yẹn láé. Ẹnikẹ́ni ò mọ iye wáàtì tí irú ṣájà bẹ́ẹ̀ lè gbé, ohun tí wọ́n kọ sí i lára lè jẹ́ irọ́, inú yàrá tí èèyàn ń sùn sí ló sì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ kan ṣájà yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan. Bí kò bá ṣeé dì mú, ẹ yọ ọ́ lára iná.

Àǹtí Ayàwòrán-ilé
Ẹ má gbàgbé RAM o. HD 4000 ò ní memory tirẹ̀, nínú RAM ló ti ń yá a lò. Bó bá jẹ́ ẹyọ 4 GB kan ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni processor àti graphics jọ ń gbà dé inú RAM. Wàá rí PC3L-12800S lára rẹ̀: 12800 yẹn ni iye megabyte tó lè gba ọ̀nà kan kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi ẹyọ 4 GB míì kún un, ọ̀nà á di méjì. Fún AutoCAD, èyí wúlò ju overclock èyíkéyìí lọ. DDR3 ni kí o béèrè, DDR4 ò ní wọ ihò rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G
Ẹ ṣeun gan-an ni! Mo yá ṣájà ará ilé wa kan. Kò béèrè F1 mọ́, Speed ti di 3.09, bátìrì ti ń gba iná! Àmọ́ HWMonitor tí mo fi ń wo ooru processor ń kọ 97°C tí mo bá ń gbá PES. Ṣé kò léwu?

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́
Eruku tí mo wí nìyẹn.

Oníkọ̀ǹpútà Takie
Òótọ́ lẹ sọ mà. Àbúrò, kò ní jó, àmọ́ ooru yẹn ti pọ̀ jù. Jẹ́ kí wọ́n tú ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbọn fáànù, kí wọ́n pààrọ̀ paste tó ń gbé ooru kúrò lórí processor, ó ti gan. Tí wọ́n bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí wọ́n fọwọ́ di fáànù mú kó má yí. Ra ṣájà ṣíwájú RAM. Bí o bá gba Takie kọjá, mú ti ọjà yẹn dání, mo fẹ́ fi mítà wọn iná tó ń gbé jáde.