Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá tí àwòrán rẹ̀ dàrú: kí la lè ṣe kí a tó ní ó ti kú?

Ọmọ Ìjọ̀kà, Leeds:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó tí a jọ wà lókè òkun. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ gbà mí nímọ̀ràn. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan wà ní pálọ̀ bàbá wa ní Ìjọ̀kà, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, tó wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé e. A ti bẹ Bàbá títí pé kí wọ́n jẹ́ kí a ra èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́ àwọn lọ́rùn. Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, wọ́n gbé fóònù síwájú rẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí i. Igun òkè lápá ọ̀tún ti di àwọ̀ elése àlùkò, ojú ẹnikẹ́ni tó bá sì bọ́ sí apá ibẹ̀ á dà bí ẹni tí wọ́n kun láró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òkè àwòrán náà ti ń sọ̀ kalẹ̀: àlàfo dúdú wà níbẹ̀, orí àwọn tó ń ka ìròyìn sì ń ká wọ ara rẹ̀. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò ní gíláàsì rẹ̀, ìyẹn túùbù ńlá tó ń gbé àwòrán jáde, ló ti kú, pé kò sí àtúnṣe. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí n ṣì dúró ná kí n tó fi owó òmíràn ránṣẹ́?

Bọ̀dá Arákàlẹ̀, Houston:

Àbúrò mi, má tíì fi owó ránṣẹ́. Iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo kọ́ ní Arákàlẹ̀ kí n tó kúrò nílé, ohun tí ọ̀gá mi sì kọ́kọ́ fi kọ́ wa ni pé a kì í tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ láìjẹ́ pé a ti wo ojú rẹ̀ dáadáa. Sọ fún Bàbá kí wọ́n tẹ ibi tí wọ́n kọ “Menu” sí lára rìmóòtù. Lẹ́tà tó máa hàn yẹn, inú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Kò bá eríà wọlé, kò sì ti inú dìkódà wá. Bí lẹ́tà náà bá dúró ṣinṣin tí ó sì mọ́ kedere nígbà tí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ń rú, a jẹ́ pé eríà, wáyà tàbí dìkódà ni kí ẹ lọ bá wí. Bí lẹ́tà náà bá ń ká tí ó sì ń gba àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, inú ẹ̀rọ ni àìsàn wà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ yìí kì í ṣe àyẹ̀wò náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Igun tó di elése àlùkò àti òkè tó sọ̀ kalẹ̀ kì í ṣe ìṣòro kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn gíláàsì tí à ń wò, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n lu ihò wínníwínní sí. Àwọn ihò yìí ló ń tọ́ ìtànṣán mẹ́ta tó ń ti ọrùn gíláàsì bọ̀ sọ́nà, kí ti pupa lè bà sí ibi pupa, kí ti àwọ̀ ewé bà sí ibi tirẹ̀, kí ti búlúù náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí irin yìí bá ti gba agbára òòfà, àwọn ìtànṣán á yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, wọn á sì bà sórí àwọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Sípíkà ńlá tí wọ́n gbé ti ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló sábà ń fà á. Ó sì tún lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yí ẹ̀rọ náà kọjú sí ìhà mìíràn nígbà tó wà lójú iná, nítorí ilẹ̀ ayé tí a wà lórí rẹ̀ yìí ní òòfà tirẹ̀.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wé wáyà kan yí ẹ̀yìn gíláàsì ká. Nígbàkigbà tí a bá tan tẹlifíṣọ̀n tó ti tutù, iná tó lágbára ń gba inú wáyà yìí kọjá láti fọ òòfà kúrò lára irin, lẹ́yìn náà ni ẹ̀yà kékeré kan tí à ń pè ní posistor á gbóná, á sì dín iná náà kù wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó yẹ kí Bàbá gbọ́ ìró “wùùm” kúkúrú bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Ṣùgbọ́n pípa á pẹ̀lú rìmóòtù kò tó o. Kí wọ́n pa á níbi bọ́tìnnì ara rẹ̀ tàbí lára ògiri, kí wọ́n gbé sípíkà jìnnà sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí posistor lè tutù, kí wọ́n tó tún un tan. Bí àbàwọ́n bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, oníṣẹ́ tó ní degaussing coil, ìyẹn wáyà wíwé tí wọ́n fi ń fọ òòfà, lè mú un wá, kí ó máa yí i po níwájú gíláàsì, kí ó sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jìnnà tó mítà 2 kí ó tó pa á. Ẹni tó bá pa á nígbà tí ó ṣì sún mọ́ gíláàsì ti dá kún ìṣòro ni.

Ti òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ooru ló fà á. Áísì (IC) kan, ẹ̀yà dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, wà tó ń na àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì máa ń dè é mọ́ pátákó irin kí ooru rẹ̀ lè ríbi gbà jáde. Omi wà nínú àwọn kàpásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná, tó wà nítòsí rẹ̀, ooru yẹn á sì máa gbẹ omi náà lọ títí wọn kò fi ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ojú ibi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ áísì mọ́ bọ́ọ̀dù náà máa ń sán: bí ènìyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, á rí òrùka dúdú tín-ín-rín kan tó yí ẹsẹ̀ náà ká, bí ó bá sì fi igi kékeré kan ẹsẹ̀ ọ̀hún nígbà tí kò sí iná lára ẹ̀rọ, á mì nínú ihò rẹ̀. Bí ó bá burú ju báyìí lọ, gbogbo àwòrán á di ìlà funfun kan ṣoṣo láàárín gíláàsì. Kí Bàbá pa á lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá rí irú ìyẹn, nítorí gbogbo agbára ìtànṣán ti kó sójú kan, ó sì lè jó gíláàsì níbẹ̀ débi tí àpá rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Gíláàsì tó ti ń kú kì í ṣe báyìí. Bí fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀ ló ń ṣe: á pẹ́ kí àwòrán tó yọ, á máa ṣe bàìbàì, funfun á máa dán bí fàdákà tí ó ń ṣàn, àwọ̀ kan nínú mẹ́ta á sì kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Níwọ̀n ìgbà tí àárín àwòrán Bàbá ṣì mọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ sì pé, ọ̀rọ̀ tó rọrùn láti sọ ni oníṣẹ́ yẹn sọ.

Ìyá Ìbejì, Toronto:

Bọ̀dá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Ọmọ mi ọkùnrin gba irú tẹlifíṣọ̀n yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó ní orí rẹ̀ ni géèmù àtijọ́ ti ń dùn-ún ta. Ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ jù, ìlà funfun tó dà gẹ̀rẹ̀ kún ojú rẹ̀, àwòrán kò sì mú rárá. Ó ti ń wá sùkúdíráfà báyìí.

Bọ̀dá Arákàlẹ̀, Houston:

Ìyá Ìbejì, ẹ gba sùkúdíráfà yẹn lọ́wọ́ ọmọ ná. Bọ́tìnnì méjì tí à ń yí wà lára fláíbáàkì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pèsè iná ńlá fún gíláàsì, ọ̀kan ni Focus tó ń jẹ́ kí àwòrán mú, èkejì ni Screen tó ń pinnu ìmọ́lẹ̀ gíláàsì. Bí ẹnìkan bá ti yí Screen kọjá àyè rẹ̀, irú ìlà tí ẹ ń wí yìí ló máa ń yọ. Ó sì tún lè jẹ́ pé kàpásítọ̀ tó ń tọ́jú iná nǹkan bí 180 volt tó ń lọ sí bọ́ọ̀dù kékeré ìdí ọrùn gíláàsì ló ti gbẹ. Bí yíyí Focus kò bá mú àwòrán náà mú, kí wọ́n wo ihò ibi tí ọrùn gíláàsì ti wọlé bóyá ìpẹtà ti mú un.

Iṣẹ́ kékeré ni gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Iná tó wà lábẹ́ rọ́bà rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì lè tó 25,000 volt, ó sì lè ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Oníṣẹ́ gidi á kọ́kọ́ so wáyà mọ́ okùn wáyà híhun tó ká ẹ̀yìn gíláàsì, á so òpin kejì mọ́ irin sùkúdíráfà tí rọ́bà bo ìdí rẹ̀, á sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti irin náà bọ abẹ́ rọ́bà yẹn kí iná ibẹ̀ lè jáde tán. Kàpásítọ̀ ńlá tó wà nídìí ibi tí iná ti ń wọlé náà léwu. Nílé tí iná ti jẹ́ 230 volt, ó ń pa ju 300 volt mọ́ sínú. Ọrùn gíláàsì sì rọrùn láti ṣẹ́. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n fún un.

Ọmọ Òde-Oǹdó, London:

Mo kí gbogbo yín o. Kí ẹnikẹ́ni tó máa fi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ láti ibí rọ́pò ti òbí rẹ̀ nílé, ó yẹ kí ó mọ ohun kan. Èyí tí a kó láti London lọ sí Òde-Oǹdó nígbà kan, àwòrán rẹ̀ mọ́ rekete, ṣùgbọ́n ariwo “ṣáá” ló ń dún dípò ohùn ènìyàn. PAL, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán aláwọ̀ sáfẹ́fẹ́, ni Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ń lò nígbà náà, ìlà 625 ni àwọn méjèèjì sì fi ń ya àwòrán. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé àlàfo àárín àwòrán àti ohùn jẹ́ 6 MHz níbí, ó sì jẹ́ 5.5 MHz nílé. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n má lo eríà, kí wọ́n fi wáyà AV olórí mẹ́ta so dìkódà mọ́ ọn, nítorí ohùn á gba wáyà tirẹ̀ wọlé. Ti Amẹ́ríkà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlànà tiwọn tí à ń pè ní NTSC, oníìlà 525, ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti iná 120 volt, tí yóò jóná bí wọ́n bá kì í bọ ara ògiri ní Àkúrẹ́.

Ṣé eríà ni Bàbá ń lò? Àwọn òkè tó yí Àkúrẹ́ ká máa ń dá ìgbì padà, èyí sì máa ń jẹ́ kí òjìjì àwòrán kejì yọ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìjọ̀kà, Leeds:

Dìkódà ni wọ́n ń lò, Bọ̀dá. Bàbá ti tẹ Menu: lẹ́tà tó wà lókè náà ń ká. Àbúrò mi gbé sípíkà kúrò, wọ́n sì pa á bí ẹ ṣe wí. Àwọ̀ elése àlùkò náà ti dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì kù díẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbọ́ “wùùm” kankan.

Bọ̀dá Arákàlẹ̀, Houston:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Posistor ló ti bàjẹ́, tàbí kí wáyà rẹ̀ ti yọ. Kí oníṣẹ́ yọ ọ́, kí ó sì mì ín létí; tó bá ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti fọ́ nínú nìyẹn. Má ṣe rà á láti Leeds, kí wọ́n tú u lára òkú tẹlifíṣọ̀n irú rẹ̀ ní ilé ìtúnṣe, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ sáà bá ti àkọ́kọ́ mu. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀ ìtòsí áísì yẹn lẹ́ẹ̀kan náà: kí µF rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, jẹ́ iye kan náà, kí volt rẹ̀ má kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì yan èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, ìyẹn èyí tó lè fara da ooru. Kí wọ́n tún ẹsẹ̀ áísì jó pẹ̀lú.

Kí Bàbá jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe é, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn òrùka rọ́bà tó wà lọ́rùn gíláàsì, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà lẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Bí ó bá yí wọn, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pínyà lára gbogbo lẹ́tà, iṣẹ́ mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀.