Kí ló dé tí Oskar Barnack fi yan fíìmù sinimá fún kámẹ́rà Leica?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin olùfẹ́ kámẹ́rà àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọdún 1925 ni Leica jáde níbi ìpàtẹ ọjà Leipzig ní Jámánì. Nígbà náà, àwo gíláàsì ńláńlá tí àwòrán ń yọ sí lára ni ọ̀pọ̀ ayàfọ́tò ń lò, àwòrán wọn sì ń mọ́lẹ̀ kedere. Kí ló wá mú kí Barnack, ẹlẹ́rọ tó ṣe Leica, yan fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún sinimá?

Ìdáhùn
Ìlera rẹ̀ wà lára ìdí náà. Ikọ́ fée ń bá a jà, ẹrù kámẹ́rà alàwo gíláàsì sì pọ̀ jù fún un láti máa rù kiri. Nílé iṣẹ́ Ernst Leitz ní Wetzlar, níbi tí wọ́n ti ń ṣe máíkírósíkóòpù, ó ti kan kámẹ́rà kékeré kan pọ̀ nígbà tí yóò fi di 1914. Àwòrán sinimá kan jẹ́ mìlímítà 18 sí 24; Barnack mú kí fíìmù máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá dípò òkè sí ìsàlẹ̀, ó sì so àyè méjì pọ̀ di 24 sí 36, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ayàwòrán ṣì ń lò lónìí.

Ìdáhùn
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, lẹ́ǹsì ni iṣẹ́ tó le jù. Àwòrán orí àwo ńlá ṣeé tẹ̀ sórí bébà bó ṣe tóbi gan-an, ṣùgbọ́n ti fíìmù kékeré, dandan ni kí a fẹ̀ ẹ́, àbùkù tó bá sì wà níbẹ̀ yóò fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́ǹsì mìlímítà 50 tí Max Berek ṣe ló jẹ́ kí èrò Barnack ṣeé tà fún aráyé. Mo tún fẹ́ràn kókó tí à ń yí lórí kámẹ́rà náà gidigidi: bó ṣe ń fa fíìmù síwájú ló ń múra aṣọ tó ń dí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwòrán tó kàn, kí a má baà ya àwòrán méjì lé ara wọn.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé aṣọ yẹn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé nígbà tí a bá ń yí kókó?

Ìdáhùn
Ní ti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìdánwò ní nǹkan bí 1923, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, nítorí náà ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ fi ìdérí bo lẹ́ǹsì kó tó yí i. Wọ́n ti ṣàtúnṣe ìyẹn nínú èyí tí wọ́n gbé wá sí ọjà, aṣọ náà sì ń wà ní pípadé títí yóò fi padà sí ipò rẹ̀.