"Olùṣe" kọ́ lorúkọ kéèsì yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i tí ẹ kọ pé ká máa pe kéèsì àkọ́kọ́ nínú gírámà èdè Rọ́ṣíà (kéèsì ni ìrísí tí ọ̀rọ̀-orúkọ ń gbé wọ̀ láti fi iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn hàn) ní "ipò olùṣe", torí ẹni tó ń ṣe nǹkan ló máa ń wà níbẹ̀. Mi ò gbà rárá. Olù- yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Olùkọ́ ń kọ́ni, olùṣọ́ ń ṣọ́ nǹkan, ibi tí olù- bá ti wà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo gbólóhùn yìí: pis'mo napisano Ivanom, ìyẹn ni pé ọwọ́ Ivan ni wọ́n ti kọ lẹ́tà (pis'mo). Ivan ló kọ lẹ́tà, òun lolùṣe, ṣùgbọ́n -om ti wà nídìí rẹ̀, ó ti bọ́ sí kéèsì mìíràn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ, tí kò ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀, òun ló wà ní kéèsì tí ẹ fẹ́ pè ní ti olùṣe!

Ẹ tún wo Moskva — stolitsa Rossii, Moscow ni olú-ìlú Rọ́ṣíà. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan níbẹ̀, Moskva àti stolitsa méjèèjì ló sì wà ní kéèsì yìí, ta ló wá ń ṣe kí ni? Àwọn tó lèdè fúnra wọn, imenitel'nyi ni wọ́n ń pè é, inú imya ló ti jáde, orúkọ sì ni imya. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nínú díkíṣọ́nárì nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kún ìdí rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kí ló dé tá ò lè pè é ní "ipò ìdárúkọ"?

Ẹ ní Moscow lẹ ti kàwé, mo bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn àgbà wa tó lọ Yunifásítì Lumumba ní Moscow láyé 1960 síwájú náà gbọ́ èdè yẹn dáadáa, àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn, "orúkọ gangan" ni wọ́n máa ń pè é tí wọ́n bá ń ṣàlàyé, Yorùbá tó dùn létí, kò sí olù- kankan ńbẹ̀.

Ti ẹni tó ní ohùn òkè tó ń tẹ̀lé olùwà (ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe) nínú gbólóhùn Yorùbá, bíi "ọmọ́ lọ", ni kéèsì tiwa, mi ò gbà ìyẹn náà, torí "mo lọ" ò ní in, ṣùgbọ́n ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí Ivanom ná.