Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Mi Ló Rọ, Ọrùn Òsì Ni Ìdí Rẹ̀ Wà

Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi ń gbé, ẹja pípa lórí ọ̀sà ni wọ́n sì fi tọ́ wa dàgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń tú àwọ̀n palẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ jọwọlọ, àwọ̀n bọ́ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ pè mí, ahọ́n wọn lọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Àwọn ará ilé ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Ọkàn mi kò gbà á, nítorí pé rọpárọsẹ̀ tí ó wá tí ó sì lọ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ìkìlọ̀ fún èyí tí kò ní í lọ mọ́.

Dókítà ní kí á lọ ṣe síkáànì iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn. Ibi àkọ́kọ́ tí a lọ ni ohun tí ó ń dùn mí títí di òní ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é béèrè ọwọ́ tí ó rọ, a ní ọ̀tún ni, ọrùn ọ̀tún nìkan ni ó sì yẹ̀ wò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nǹkan kan. A dúpẹ́, a sì lọ sílé. Nígbà tí dókítà rí ìwé náà, ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọwọ́ ọ̀tún, pé ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé iṣan ọrùn òsì ni ó sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Àti pé bó ti wù kí ó rí, ìhà méjèèjì ni ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ìkòròdú ni a ti tún un ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ṣe é fi oje tútù kan tí ń yọ̀ pa bàbá mi lọ́rùn, ó sì ń fi ẹnu ẹ̀rọ tọ iṣan náà láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé ibi tí ó ti pín sí méjì lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ọ̀rá ti sábà máa ń gbá jọ. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọlé tí ó sì ń gbà padà. Lẹ́yìn àwòrán, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "fùú, fùú", ó ní ìyára ẹ̀jẹ̀ ni òun ń wọ̀n. Ní òsì, ó dé sẹ̀ǹtímítà 168 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ní bí ó bá ti kọjá 125, tí àwòrán sì fi ọ̀rá hàn, wọ́n máa ń kà á sí pé ihò iṣan ti dín kù tó ìdajì. Bí ó bá kọjá 230, ó ti tó ìdá 70 nínú 100. Mo béèrè ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yára níbi tí ó há. Kí ó tó dáhùn, bàbá mi ti sọ láti orí ibùsùn pé, "Ṣé ìwọ náà kò rí bí omi ọ̀sà ṣe ń ṣe níbi tí ilẹ̀ bá ti fún un mọ́ra ni? Eré ni ó máa ń sá kọjá níbẹ̀."

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an ni, Bàbá," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí.

Dókítà kò ní kí á ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó kọ aspirin, oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ní kí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, èyí tí ó le fún wọn jù lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmọbìnrin kan náà tún un wọ̀n, ó bá 171, ó ní irú ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè wá láti ara bí òun ṣe gbé ẹnu ẹ̀rọ sí, pé kò túmọ̀ sí pé ó ti burú sí i. Gbogbo ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Ti àkọ́kọ́ pàápàá, n kò jù ú nù, kí n lè fi han ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sọ fún pé ìhà kan ti tó.