Kí ló ń pinnu irú ewéko tó ń hù nínú igbó Białowieża?

Ẹ̀yin onímọ̀ igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Igbó Białowieża ní Poland, tí UNESCO kà sí ogún àgbáyé ní 1979, ni mò ń kọ iṣẹ́ lé lórí. Ní apá tí wọ́n dáàbò bò pátápátá, igi tó bá wó, ibẹ̀ náà ni yóò jẹrà sí. Ewéko wẹ́wẹ́ a bò ó, ọmọ igi spruce a sì hù lórí rẹ̀. Ó wù mí gan-an! Àmọ́ bison (ẹranko ńlá tó jọ ẹfọ̀n) àti àgbọ̀nrín náà ń jẹ ọmọ igi. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé níbi tí igi ti wó, ọ̀rinrin ilẹ̀ àti ẹnu ẹranko, èwo ló lágbára jù? Báwo ni mo ṣe lè wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé wọ́n dàpọ̀ mọ́ra?