Bí mo ṣe ń tọ́jú bébà iṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé wa n'Íbàdàn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti sọ ìrírí wọn lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú bébà iṣẹ́ ọwọ́ sílé gbájú mọ́ bí pẹpẹ ṣe rẹwà àti bí àwọ̀ àpótí ṣe bá ara mu. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n fún àwa tí à ń gbé Ìbàdàn, tí a sọ yàrá kan nínú ilé di ibi tí a ti ń ṣe káàdì ìkésíni àti àpò ẹ̀bùn, ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ikán sì ni ìkejì.

Bébà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Ní àkókò òjò, káàdì, ìyẹn bébà líle, tí a bá tú kúrò nínú ọ̀rá, tí a sì fi sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú, yóò ti rọ̀, etí rẹ̀ yóò sì máa ru bí ìgbì, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò fi ní lè gbé e wọlé bó ti yẹ. Bí ọyẹ́ bá tún dé, káàdì kan náà yóò ká kò, pàápàá èyí tó ń dán lójú kan ṣoṣo, nítorí pé ojú tó ń dán kì í gba omi tàbí tú u sílẹ̀ bí èkejì ti ń ṣe. Ìdí nìyí tí n kì í fi í ya bébà tí wọ́n fi wé rímù, ìyẹn odidi ìdì bébà, jù nù. Ẹnu kan péré ni mo máa ń gé. Bí mo bá ti fa ìwọ̀nba tí mo nílò yọ, mo máa ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pa dà, kí n sì fi sẹ́lótéèpù dì í.

Ẹ má fojú kéré bí bébà ṣe wúwo. Nígbà tí mo ní kí káfíńtà kan pẹpẹ fún mi, pákó pẹlẹbẹ ló gbé wá. Ó ní, "Màmá, ṣebí bébà lásán náà ni?" Mo gbé rímù A4 kan lé e lọ́wọ́: ewé 500 tó jẹ́ gíráàmù 80 (ìyẹn ìwọ̀n ewé kan bí ó bá fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti òró), tí gbogbo rẹ̀ tó kílò méjì ààbọ̀. Mo wá gbé káàdì gíráàmù 300 lé e, ewé 100 péré, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó lọ mú pákó tó nípọn wá.

Mo máa ń tẹ́ bébà sílẹ̀ pẹrẹsẹ ni, n kì í nà án ró, nítorí pé èyí tó dúró láìfún mọ́ ara rẹ̀ yóò tẹ̀ ní ìbàdí. Bébà onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ínǹṣì 12 ní ìbú àti òró, kò sì lè wọ inú fáìlì A4. Páálí tẹlifíṣọ̀n ni mo gé fi ṣe àtẹ fún un.

Ní ti ikán, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá to páálí káàdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi wọ́n ti ògiri. Lójú, páálí náà dúró digbí. Nígbà tó gbé e, ìsàlẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀, ìwọ̀nba ewé tó wà lókè nìkan ló ṣẹ́kù. Pẹpẹ tèmi kò kan ògiri, mo sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú agolo tí mo rọ kẹrosíìnì sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ.

Bí bébà ṣe nípọn sí ni mo fi ń pín wọn, kì í ṣe àwọ̀, nítorí pé ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni èyí tó lè dúró bí mo bá ṣẹ́ ẹ. Àwọn aláwọ̀ kì í wà nítòsí fèrèsé, kí oòrùn má baà mú wọn ṣá. Àjákù tí kò bá tó àtẹ́lẹwọ́, ọmọ aládùúgbò ló ń gbà á.

Àpòòwé nìkan ló ṣì ń dà mí láàmú. Gọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀ a máa lẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń ṣí ẹnu wọn sílẹ̀ kí n tó tò wọ́n. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn, kó jọ̀wọ́ sọ ọ́.